Aṣọ Òkè Láti Ìṣẹ́yìn sí Ìlú Ọba: Bí Ẹ Ó Ṣe Kọ Iye Ọjà Yín ní Òtítọ́

Ẹni tó bá ń gbé ní Ìlú Ọba, tó sì ń ra aṣọ òkè láti Ìṣẹ́yìn, á ti gbọ́ ọ rí lẹ́nu ẹni tó ń tà á pé: “Ẹ má ṣèyọnu, £20 ni mo máa kọ sí fọ́ọ̀mù aṣọ́bodè, màá sì pè é ní ẹ̀bùn.” Oore ni wọ́n rò pé àwọn ń ṣe, kí ẹ má baà san owó bodè, ṣùgbọ́n ẹni tó ra ọjà ni ìyà rẹ̀ máa ń jẹ. Kí ẹ tó sanwó rárá, ẹ bá wọn fi ẹnu kò sí i pé iye tí ẹ san gan-an ni wọn yóò kọ.

Ẹ̀bùn ní ìtumọ̀ tirẹ̀ lójú aṣọ́bodè. Ènìyàn ni yóò fi ránṣẹ́ sí ènìyàn, kì í ṣe ilé ìtajà. Yóò jẹ́ fún ọjọ́ ìbí tàbí ayẹyẹ mìíràn, ẹni tó gbà á ni yóò sì lò ó. Irú ẹ̀bùn bẹ́ẹ̀ tí kò bá ju £39 lọ kò ní VAT (owó orí tí ìjọba ń gbà lórí ọjà). Aṣọ tí ẹ fowó ara yín rà kò sí lára rẹ̀.

Ní ti ọjà rírà, £135 ni ààlà. Bí ọjà kò bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò sí owó bodè, ẹni tó ń tà ló sì yẹ kó gba VAT nígbà títà. Bó bá ti kọjá rẹ̀, wọ́n lè gba owó bodè àti VAT lọ́wọ́ yín nígbà tí ẹrù bá dé. Ká ní aṣọ yín jẹ́ £200, tí owó ìfiránṣẹ́ sì jẹ́ £50, orí £250 ni wọn yóò ti ṣírò VAT ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún, èyí tó jẹ́ £50, kí owó bodè fúnra rẹ̀ tó wọ̀ ọ́. Ẹni tó gbé ẹrù wá náà yóò gba owó iṣẹ́ tirẹ̀. Ẹ ti ka gbogbo rẹ̀ mọ́ owó aṣọ ẹbí kí ẹ tó dá iye lé àwọn ènìyàn lórí.

Fọ́ọ̀mù CN22 ni wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ẹrù tó bá gba ilé ìfìwéránṣẹ́, tàbí CN23 bí ọjà bá ju £270 lọ. “Aṣọ” nìkan kò tó. Kí wọ́n kọ ọ́ pé aṣọ òwú tí a fọwọ́ hun ni, ìró kan, gèlè kan, ìborùn kan, pẹ̀lú iye àti ìwọ̀n ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ ní kí wọ́n ya fọ́tò fọ́ọ̀mù náà ránṣẹ́ sí yín kí ẹrù tó kúrò nílẹ̀, kí ẹ sì tọ́jú rìsíìtì àti ẹ̀rí owó tí ẹ fi ránṣẹ́ ní báńkì, torí òun ni aṣọ́bodè yóò béèrè bí iye náà bá rú wọn lójú.

Gèlè mẹ́fà tèmi sọnù lọ́nà lọ́dún kan. £20 ni wọ́n kọ sí i; mo mọ̀, mo sì dákẹ́. Nígbà tí mo béèrè owó mi lọ́wọ́ àwọn tó gbé ẹrù náà, £20 náà ni wọ́n fún mi, n kò sì lè mú rìsíìtì gidi jáde, torí òun gan-an ni yóò tú àṣírí mi.

Bí ẹni tó tà á bá ti ṣì í kọ, tí ẹrù sì ti gbéra, ẹ tètè fi rìsíìtì ránṣẹ́ sí ẹni tó ń gbé e bọ̀, kí ẹ sì ṣàlàyé. Bó bá wá jẹ́ pé owó tí wọ́n gbà lọ́wọ́ yín ló pọ̀ jù, tó sì jẹ́ Royal Mail (ilé ìfìwéránṣẹ́ Ìlú Ọba) ló gbé e wá, fọ́ọ̀mù BOR286 ni ẹ ó kọ láti gbà á padà.