Bí a ṣe ń dá rìnrìn-àjò afẹ́ lọ sí Florence: tíkẹ́ẹ̀tì òrùlé Duomo ni kí ẹ kọ́kọ́ wá

Florence, ní agbègbè Tuscany ní Ítálì, jẹ́ ìlú tí ẹni tó dá wà lè fi ẹsẹ̀ rìn já. Láti ibùdókọ̀ rélùwéè Santa Maria Novella dé ṣọ́ọ̀ṣì Santa Croce ní apá kejì ìlú, ìrìn bí ìṣẹ́jú 20 ni. Bóyá ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ kì í fi í múra sílẹ̀. Wọ́n á ra tíkẹ́ẹ̀tì bàálù, wọ́n á gba yàrá, wọ́n á wá dé iwájú Duomo, ìyẹn ṣọ́ọ̀ṣì ńlá ìlú náà, láàárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n á ní àwọn fẹ́ gun òrùlé rìbìtì pupa tí àwọn ti ń rí nínú fọ́tò láti ọjọ́ pípẹ́. Wọ́n á sọ fún wọn pé gbogbo àyè ti tán. Mo ti rí irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ tí wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà tí ojú wọn ti fà ro, ó sì máa ń dùn mí, nítorí ohun tí wọn ì bá ti ṣe láti ilé ni.

Ọ̀rọ̀ físà kò gba àlàyé púpọ̀. Ìwé ìrìnnà Nàìjíríà ń fẹ́ físà Schengen, ìyẹn físà kan ṣoṣo fún ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù tí Ítálì wà lára wọn, pẹ̀lú ìwé ìbánigbófò ìrìn-àjò tó lè san tó 30,000 yúrò fún ìtọ́jú. Wọ́n á bèèrè ibi tí ẹ máa sùn. Yàrá tí ẹ lè fagi lé láìsan kọ́bọ̀ ni kí ẹ fi sílẹ̀ fún wọn. Bí físà bá ti tẹ̀ yín lọ́wọ́, ẹ má tíì ronú nípa yàrá tó dára jù tàbí aṣọ tí ẹ máa wọ̀. Tíkẹ́ẹ̀tì òrùlé ló kàn.

Ibi tí wọ́n ti máa ń ṣìnà nìyí

Ojú-ìwé àwọn tó ni Duomo fúnra wọn ni duomo.firenze.it. Ẹ tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú ọwọ́ yín. Bí ẹ bá lọ wá a lórí Google, àwọn tó máa kọ́kọ́ jáde lè jẹ́ alágbàtà tí wọ́n ń ta ohun kan náà ní owó gọbọi, tí wọ́n á so amọ̀nà tí ẹ ò bèèrè mọ́ ọn.

Oríṣi tíkẹ́ẹ̀tì mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Brunelleschi nìkan ló ń gbé ènìyàn gun òrùlé. Giotto máa gbé yín gun ilé ìṣọ́ agogo, kò ní òrùlé nínú. Ghiberti kò ní gígùn kankan rárá, ilé ìrìbọmi àti ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ni tirẹ̀. Nítorí pé Ghiberti ló dínwó jù, òun ni ọ̀pọ̀ máa ń rà, wọ́n á rò pé gbogbo ẹ̀ náà ni. Ẹ ka orúkọ yẹn lẹ́ẹ̀mejì kí ẹ tó fi káàdì san owó.

Tíkẹ́ẹ̀tì Brunelleschi ń ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta, ṣùgbọ́n ọjọ́ àti wákàtí kan pàtó ni wọ́n máa fún yín láti gun òrùlé, kò sì ṣeé yí padà. Ẹni tó bá pẹ́ dé, àyè rẹ̀ ti lọ nìyẹn. Nítorí náà, wákàtí yẹn ni kí ẹ so gbogbo ìyókù ìrìn-àjò mọ́, títí kan ọjọ́ tí ẹ máa dé. Ẹ má mú ọjọ́ tí ẹ balẹ̀, nítorí bàálù lè pẹ́. Wákàtí àárọ̀ kùtù tí wọ́n bá ní ni kí ẹ mú, àgàgà láàárín oṣù kẹfà sí oṣù kẹjọ tí ooru ibẹ̀ máa ń mú gan-an. Ẹni tó dá rìn ní àǹfààní kan níbí: àyè ẹnì kan ṣoṣo máa ń ṣẹ́ kù níbi tí ìdílé ẹni mẹ́rin ò ti rí nǹkan kan. Bí ẹ bá rí i pé ó ti tán, ẹ tún wò ó láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kí ẹ tún wò ó ní ìrọ̀lẹ́.

Àtẹ̀gùn 463 ni, kò sí ẹ̀rọ tó ń gbé ènìyàn gòkè. Ẹni tí àyà rẹ̀ kò dára, aláboyún, àti ẹni tí ibi híhá máa ń dẹ́rù bà kò gbọdọ̀ gùn ún. Kì í ṣe àsọdùn. Filippo Brunelleschi, ayàwòrán-ilé tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe tíkẹ́ẹ̀tì náà, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ òrùlé yìí ní 1420, wọ́n sì parí rẹ̀ ní 1436, láìfi igi gbé e ró láti ilẹ̀. Òrùlé méjì ló kọ́, ọ̀kan nínú èkejì, àlàfo tó wà láàárín àwọn méjèèjì gan-an ni ẹ máa gbà gòkè. Ní àwọn ibì kan, èjìká yín máa ń kan ògiri lọ́tùn-ún lósì, àwọn tó ń sọ̀kalẹ̀ á sì tún pàdé yín níbẹ̀. Ẹ má sáré. Ẹ máa wo bí wọ́n ṣe to bíríkì náà ní dídábùú àti ní òòró kí ó má bàa wó kí amọ̀ tó so wọ́n pọ̀ tó gbẹ. Kí ẹ tó dé òkè pátápátá, ẹ máa gba abẹ́ àwòrán Ìdájọ́ Ìkẹyìn tí ayàwòrán Giorgio Vasari bẹ̀rẹ̀ tí Federico Zuccari sì parí ní 1579. Ìsàlẹ̀ ni gbogbo ayé ti máa ń wò ó. Ẹ̀yin máa súnmọ́ ọn débi tí ẹ ó rí bí àwọn ẹ̀mí èṣù inú rẹ̀ ṣe tóbi tó.

Ẹnu ọ̀nà òrùlé wà ní ẹ̀gbẹ́ àríwá, ní Porta della Mandorla. Ìlà gígùn tó wà níwájú jẹ́ ti àwọn tó fẹ́ wọ inú ṣọ́ọ̀ṣì lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ má tò sí i. Wọn kì í gba báàgì ńlá, nítorí náà ẹ fi sílẹ̀ sí yàrá. Èjìká àti orúnkún gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ aṣọ. Àwọn tó ń ta ìborùn ní gbàgede mọ̀ pé ẹ ti há, iye tó bá wù wọ́n ni wọ́n á pè. Ìborùn àǹkárá fẹ́lẹ́ kan láti ilé ti tó: ẹ fi bo èjìká, ẹ fi dá oòrùn dúró, ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ jókòó. Bàtà tí ẹ ti wọ̀ dáadáa, tó ní rọ́bà nísàlẹ̀, ni kí ẹ wọ̀. Òkúta ni ojú títì ibẹ̀.

Ẹ má gun ilé ìṣọ́ agogo lọ́jọ́ kan náà. Ó ní àtẹ̀gùn 414. Orí rẹ̀ sì ni ẹ ti máa ya fọ́tò òrùlé, nítorí ẹni tó wà lórí òrùlé kò lè rí i.

Ìyókù rọrùn

Uffizi àti Accademia, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé iṣẹ́ ọnà méjì tó lókìkí jù níbẹ̀, máa ń ti ìlẹ̀kùn ní ọjọ́ Ajé. Ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì méjèèjì ṣáájú, kí ẹ sì má fi wọ́n sí ọjọ́ kan náà. Ojú náà máa ń rẹ̀. Ère Dáfídì tó wà ní ìta, níwájú Palazzo Vecchio, ilé ìjọba ìlú náà, jẹ́ àwòkọ. Ojúlówó tí Michelangelo gbẹ́, tó ga ju mítà 5 lọ, wà ní Accademia láti 1873. Ní Uffizi, lẹ́yìn tí ẹ bá ti rí iṣẹ́ ayàwòrán Botticelli, ẹ bèèrè àwòrán Alessandro de' Medici tí Vasari yà. Òun ni ọba àkọ́kọ́ tó jẹ oyè Duke ní ìlú náà, ní 1532, ọ̀pọ̀ òpìtàn sì gbà pé ìran Áfíríkà ni ìyá rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló máa ń kọjá lára rẹ̀ láìmọ̀, ó sì yẹ kí a mọ̀ ọ́n.

Oúnjẹ ọ̀sán ni lampredotto: inú kẹrin màlúù tí wọ́n sè títí tó fi rọ̀, tí wọ́n gé sínú búrẹ́dì. Ẹni tó bá fẹ́ràn ṣàkì kò ní kábàámọ̀. Ẹ sọ pé «piccante» kí wọ́n fi ata sí i. Orí ìdúró ni wọ́n ti ń jẹ ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi ń tà á, ìyẹn sì dára fún ẹni tó dá wà, kò sí ẹni tó máa wò yín pé tábìlì yín ṣófo. Búrẹ́dì Tuscany kì í ní iyọ̀, bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn. Kọfí náà, ẹ mu ún lórí ìdúró ní kántà. Ẹni tó bá jókòó á san jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nílé oúnjẹ, «coperto» tí ẹ bá rí nínú ìwé owó jẹ́ owó ìjókòó, wọn ò rẹ́ yín jẹ.

Fóònù àti ìwé ìrìnnà, inú àpò kékeré tó wà níwájú àyà ni. Ẹni tó bá na páálí sí yín pé kí ẹ wá fọwọ́ sí nǹkan, ẹ máa lọ.

Fún ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí ẹ gun òrùlé, ẹ wọ bọ́ọ̀sì 12 lọ sí Piazzale Michelangelo, gbàgede orí òkè tí wọ́n ti ń wo ìlú, kí ẹ sì tún gòkè díẹ̀ sí i dé San Miniato, ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1018. Ibẹ̀ kò kún bíi ti ìsàlẹ̀. Ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀sì náà ní ṣọ́ọ̀bù tó gbé àmì T ńlá kọ́ iwájú, ẹ ra méjì lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí ìṣẹ́jú 90 péré ni ọ̀kan ń lò, ẹ ó sì pẹ́ lókè jù bẹ́ẹ̀ lọ.