Lọ́yà ni àbí àdáṣe? Àwọn àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nídìí físà ọkọ tàbí aya sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Àbúrò mi kan tó ń gbé ní Dartford pè mí lálẹ́ ọjọ́ Àìkú kan. "Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí n gba lọ́yà ni àbí kí n ṣe é fúnra mi?" Ìyàwó rẹ̀ wà ní Òṣogbo, wọ́n ti ṣègbéyàwó láti ọdún tó kọjá, ó sì ti sú u láti máa fi fóònù gbé ilé. Mo bi í pé iṣẹ́ wo ló ń ṣe, ó ti pẹ́ tó lẹ́nu rẹ̀, èló ni wọ́n ń san fún un, ṣé òun tàbí ìyàwó rẹ̀ ti fẹ́ ẹlòmíràn rí, ṣé wọ́n ti fi físà du èyíkéyìí nínú wọn rí. Ó ní, "Àǹtí, ọ̀rọ̀ lọ́yà ni mo bi yín o." Mo ní ọ̀rọ̀ lọ́yà náà ni mo ń dáhùn.

Ibẹ̀ gan-an ni àṣìṣe àkọ́kọ́ wà. A máa ń pinnu lórí lọ́yà kí a tó wo ohun tó wà nílẹ̀. Ẹ̀rù ló ń mú ẹlòmíràn gbà á. Ẹlòmíràn kò gbà á torí pé ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì dá tirẹ̀ ṣe, ó sì bọ́ sí i. Ọ̀rẹ́ yẹn lè jẹ́ nọ́ọ̀sì tó ti lo ọdún márùn-ún ní ọsibítù kan náà, kí ẹ̀yin máa wa takisí lọ́sàn-án, kí ẹ tún máa ṣiṣẹ́ agency lóru. Fọ́ọ̀mù kan náà lẹ jọ máa kún, àmọ́ ẹ̀rí tí wọ́n máa béèrè lọ́wọ́ yín jìnnà síra wọn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èrò mi síta. Bí ẹni tó wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bá ń ṣiṣẹ́ olówó oṣù kan ṣoṣo, tó ti lé ní oṣù mẹ́fà níbẹ̀, tí owó rẹ̀ kọjá iye tí òfin sọ, tí àwọn méjèèjì kò fẹ́ ẹlòmíràn rí, tí wọn kò sì tíì fi físà du ẹnikẹ́ni nínú wọn, mo gbà pé wọ́n lè ṣe é fúnra wọn bí wọ́n bá ní sùúrù láti kàwé. Owó tí wọn ì bá kó fún lọ́yà yóò wúlò fún tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú.

Ọ̀rọ̀ owó ni ọ̀pọ̀ ìwé ti ń ṣubú, lọ́yà wà níbẹ̀ o, kò sí níbẹ̀ o. Láti ọjọ́ 11 oṣù Kẹrin 2024, £29,000 lọ́dún ni ẹni tó fẹ́ pe ọkọ tàbí aya rẹ̀ wá gbọ́dọ̀ máa gbà kí wọ́n tó yọ owó orí. £18,600 ni láti 2012 títí di ìgbà náà. Owó iṣẹ́ tí ẹni tó wà ní Nàìjíríà ń gbà níbẹ̀ kò wọ inú ìṣirò yìí, bó ti wù kó pọ̀ tó. Mo ti rí ọ̀gá báńkì kan ní Èkó tí ọ̀rọ̀ yìí yà lẹ́nu gidigidi. Owó ìpamọ́ lè dípò owó oṣù, àmọ́ tí ẹ kò bá ní owó oṣù kankan, £88,500 ni, ó sì gbọ́dọ̀ ti wà lọ́wọ́ yín fún oṣù mẹ́fà gbáko. Owó tí ẹ yá kò wọ̀ ọ́. Ẹni tó bá sì ń gba PIP, ìyẹn owó ìrànwọ́ ìjọba fún ẹni tó ní àìlera, tàbí tó ń gba Carer's Allowance nítorí pé ó ń tọ́jú ọmọ tàbí òbí tó ń ṣàìsàn, wọn kì í fi £29,000 wọ̀n ọ́n. Ìwọ̀n mìíràn ni tirẹ̀, àwọn tí kò mọ̀ sì wà tí wọ́n ti fi ọdún méjì wá iṣẹ́ kejì tí kò pọn dandan.

Fún ẹni tó ti lo oṣù mẹ́fà níbi iṣẹ́ kan, payslip oṣù mẹ́fà, statement báńkì fún oṣù mẹ́fà kan náà àti lẹ́tà agbanisíṣẹ́ ni wọ́n ń fẹ́. Payslip àti báńkì gbọ́dọ̀ bára mu. Mo ní kí àbúrò mi tẹ́ payslip rẹ̀ sórí tábìlì ìdáná, kó fi statement sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kó máa fi pẹ́ńsù tọ̀ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, èmi náà sì ń wò ó lórí fídíò. Oṣù àkọ́kọ́ bára mu, ìkejì bára mu, ìkẹta bára mu. Nígbà tó dé ìkẹrin, payslip sọ pé £2,118.40, báńkì sọ pé £1,918.40. Igba pọ́n-ùn ti sá lọ. Ó wo òkè, ó wo ilẹ̀, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá rántí pé òun ti ní kí wọ́n pín owó oṣù yẹn sí méjì, kí igba pọ́n-ùn bọ́ sínú àkáǹtì kejì tí òun fi ń dá àjọ. Kò sí irọ́ kankan nínú ohun tó ṣe. Ṣùgbọ́n ẹni tó máa ka ìwé náà kò mọ̀ nípa àjọ, kò sì sí lábẹ́ dandan láti pè é béèrè. Statement àkáǹtì àjọ náà ló yanjú ọ̀rọ̀. Lọ́yà wo ló máa jókòó fi pẹ́ńsù tọ owó yín báyìí? Àwọn kan ń ṣe é, mo kí wọn. Ẹ má kàn gbà pé tiyín ń ṣe é, ẹ bi í.

Ti èdè Gẹ̀ẹ́sì kò pẹ́ láti sọ. Bó tilẹ̀ jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì la fi ń kàwé, Nàìjíríà kò sí lára àwọn orílẹ̀-èdè tí wọ́n yọ kúrò nínú ìdánwò. Ẹni tó bá ní dìgírì láti Ìbàdàn tàbí Ifẹ̀ lè lo ìwé ẹ̀rí Ecctis, àjọ tó ń yẹ dìgírì ilẹ̀ òkèèrè wò; ẹni tí kò ní, kó lọ ṣe ìdánwò sísọ àti gbígbọ́ ti ìpele A1, ìpele tó rẹlẹ̀ jù. Àyẹ̀wò ikọ́ ife náà pọn dandan, oṣù mẹ́fà péré sì ni ìwé rẹ̀ fi ń ṣiṣẹ́, nítorí náà ẹ má ṣe sáré ṣe é kí ìwé owó tó pé.

Àṣìṣe tó ń dùn mí jù ni ti àwọn tó gba lọ́yà nítorí pé "ó mọ ẹnìkan nínú lọ́hùn-ún." Kò sí ẹnìkan nínú lọ́hùn-ún. Ẹni tó bá fi dá yín lójú pé físà ti jáde, pé kí ẹ kàn lọ mú owó wá, ẹ dìde kúrò níwájú rẹ̀. Lọ́yà tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ máa sọ ibi tí ìwé yín ti lágbára àti ibi tó ti mẹ́hẹ, kò ní ṣe ìlérí ohun tí kò sí lọ́wọ́ rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ sì ni ti bọ̀ọ̀dá tó ń bá gbogbo ìjọ kún fọ́ọ̀mù. Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti 1999 sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ fún ẹni tí kò ní àṣẹ láti máa fi ìmọ̀ràn ìwọlùú ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ẹni tí kì í ṣe solicitor tàbí barrister gbọ́dọ̀ ní orúkọ lọ́dọ̀ Immigration Advice Authority, èyí tí a mọ̀ sí OISC títí di oṣù Kìíní 2025. Orúkọ àwọn tó ní àṣẹ wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ìṣẹ́jú méjì ni yóò gbà yín láti wò ó. Ẹ wò ó kódà bó jẹ́ mọ̀lẹ́bí ló júwe ẹni náà fún yín. Ìtìjú kì í jẹ́ ká bi bọ̀ọ̀dá ní ìwé àṣẹ, bí nǹkan bá sì bàjẹ́, ìtìjú yìí kan náà ni kì í jẹ́ ká fẹjọ́ rẹ̀ sun Immigration Advice Authority.

Èmi náà ti jìn sí kòtò kan, kì í sì í ṣe ti aláìníwèé-àṣẹ. Ní 2021 mo gba lọ́yà tòótọ́ láti pe ọkọ mi wá láti Ìbàdàn. Mo san owó rẹ̀ tán pátá, mo kó ìwé wa fún un nínú báàgì ọ̀rá kan, mo ní ọkàn mi ti balẹ̀. Ọkọ mi ti béèrè físà àbẹ̀wò ní 2015, wọn kò fún un. Mo ya lẹ́tà yẹn ní fọ́tò, mo fi ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì wọn lórí WhatsApp, ẹnìkan níbẹ̀ sì na àtàǹpàkò sí mi pé òun ti rí i. Akọ̀wé kan ló wá kún fọ́ọ̀mù. Níbi tí wọ́n ti béèrè bóyá wọ́n ti fi físà dù ú rí ní orílẹ̀-èdè kankan, ó mú "Rárá." Èmi kò rí fọ́ọ̀mù náà kí wọ́n tó fi ránṣẹ́. Ọkọ mi kò rí i. Ìgbà tí lẹ́tà tí wọ́n fi dá wa padà dé la tó mọ ohun tí wọ́n kọ ní orúkọ wa.

Òfin ìgbà náà là á mọ́lẹ̀ pé bí ọ̀rọ̀ tí kì í ṣe òótọ́ bá wọ inú ìwé, wọ́n lè dá a padà, yálà ẹni tó ń béèrè mọ̀ nípa rẹ̀ tàbí kò mọ̀. Orúkọ ọkọ mi ni irọ́ náà wà, kò sí ní orúkọ lọ́yà. Ọ́fíìsì náà ní àwọn kẹ́dùn. Ọkọ mi kò bá mi jà, ó kàn dákẹ́ lórí fóònù fún ìgbà pípẹ́, mo sì ń gbọ́ ariwo jẹnẹrétọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Mi ò lè gbàgbé ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn.

Torí náà, bí ẹ bá gba lọ́yà tó dára jù lọ láyé, ẹ má jẹ́ kó fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ kí ẹ̀yin méjèèjì tó kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ọjọ́ ìbí, ọjọ́ ìgbéyàwó, ìrìn àjò, orúkọ bó ṣe wà nínú pásípọ́ọ̀tù, gbogbo rẹ̀. Ẹ fi ọ̀rọ̀ pàtàkì ránṣẹ́ ní kíkọ, ẹ má fi ẹnu sọ ọ́ lórí fóònù.

Àwọn wo ló wá yẹ kó gba lọ́yà? Ẹni tí wọ́n ti fi físà dù rí fún ìdí tó le. Ẹni tó ti gbé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọjá àkókò tí wọ́n fún un, tàbí tó ní ẹjọ́ ọ̀daràn lẹ́yìn. Ẹni tí owó rẹ̀ kò tó £29,000 ṣùgbọ́n tó bímọ tó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nítorí àlàyé òfin ló máa gbé tirẹ̀ dìde. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀ náà wà lára wọn, pàápàá ẹni tó dá limited company sílẹ̀ tó sì ń san owó oṣù fún ara rẹ̀. Payslip máa wà lọ́wọ́ onítọ̀hún, àmọ́ wọn kì í kà á sí òṣìṣẹ́ lásán. Ìṣirò ọdún tí kọ́ńpìnnì náà parí ni wọ́n máa ń béèrè. Kí ẹ má sì gbọ́kàn lé lọ́yà ọ̀fẹ́ ti ìjọba, láti 2013 ni wọ́n ti yọ irú ọ̀rọ̀ yìí kúrò níbẹ̀.

Nígbà mìíràn, lọ́yà tí ẹ nílò kò sí ní Lọ́ńdọ̀nù rárá, Nàìjíríà ló wà. Ọkùnrin kan tí mo mọ̀ ti ṣe ìgbéyàwó rẹjísìrì nígbà kan rí. Nígbà tí wọ́n pínyà, ó lọ sí kóòtù ìbílẹ̀, wọ́n fún un níwèé, ó sì fẹ́ ìyàwó mìíràn. Kóòtù ìbílẹ̀ kò ní agbára láti tú ìgbéyàwó rẹjísìrì tàbí alárédè ṣọ́ọ̀ṣì tó ní ìwé ìjọba. Ilé-ẹjọ́ Gíga nìkan ló ní in, lábẹ́ òfin ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó ti 1970. Ilé-ẹjọ́ Gíga pàápàá, ìwé tó kọ́kọ́ máa ń fúnni kì í ṣe òpin. Ó di ẹ̀yìn oṣù mẹ́ta kó tó di decree absolute, ìwé tó tú ìgbéyàwó ká pátápátá. Owó tó kó fún lọ́yà Lọ́ńdọ̀nù kò lè tún èyí ṣe. Lójú òfin, ìyàwó àkọ́kọ́ ṣì ni ìyàwó rẹ̀.

Ẹ fi owó yìí sọ́kàn pẹ̀lú. Ní oṣù Kẹrin 2025 owó fọ́ọ̀mù di £1,938, oṣù Kẹrin ni wọ́n sì sábà máa ń gbé e sókè, torí náà ẹ wo ojú òpó ìjọba kí ẹ tó ṣètò. Owó ìlera, èyí tí ẹ ń san ṣáájú fún ìtọ́jú ní ọsibítù ìjọba, jẹ́ £1,035 lọ́dún, wọ́n á gba ti ọdún mẹ́ta fún físà ọdún méjì àti oṣù mẹ́sàn-án, èyí jẹ́ £3,105. Bí a bá fi iye 2025 yẹn ṣírò, £5,043 ti lọ nìyẹn kí ẹ tó san kọ́bọ̀ fún lọ́yà. Bí wọ́n bá dá ìwé padà, owó ìlera á padà wá, owó fọ́ọ̀mù ti wọgbó. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ràn ọ̀nà àárín: ẹ kún fọ́ọ̀mù fúnra yín, ẹ to ìwé jọ, kí ẹ wá san owó fún lọ́yà láti yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó fi ránṣẹ́. Kò wọ́n tó kí ó ṣe gbogbo rẹ̀. Kó kọ ohun tó máa ṣe àti iye tó máa gbà sínú lẹ́tà kí owó tó jáde lọ́wọ́ yín.

Bí wọ́n bá sì dá yín padà, ẹ má sáré fi òmíràn ránṣẹ́ pẹ̀lú ìbínú, ẹ má sì sùn lé e. Ẹni tó wà lẹ́yìn odi ní ọjọ́ 28 láti ìgbà tí lẹ́tà dé láti pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. £140 ni bí ẹ bá fẹ́ kí adájọ́ gbọ́ ẹnu yín, £80 ni bí ìwé nìkan bá máa sọ̀rọ̀. Nínú ọjọ́ yẹn ni kí lọ́yà mìíràn ti ka lẹ́tà náà. Tiwa, ẹni tó kà á ní kí a béèrè tuntun dípò ẹjọ́, kí a sì ṣàlàyé 2015 ní ojú ewé kan. Èmi ni mo kún fọ́ọ̀mù kejì, ọkọ mi kà á sí mi létí lórí fóònù, ìlà kan tẹ̀lé ìkejì. Fọ́tò WhatsApp yẹn, tòun ti àtàǹpàkò tí wọ́n nà sí mi, ni ìwé àkọ́kọ́ tí a fi sábẹ́ àlàyé náà.