Ọmọ tí kì í jẹ ẹran: bí ẹ ó ṣe rí oúnjẹ fún un láti Àjàṣẹ́ dé Ṣábẹ̀ẹ́

Bí ẹ bá sọ fún ìyá olóúnjẹ ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo, ní orílẹ̀-èdè Benin) pé àwọn ọmọ yín kì í jẹ ẹran, ẹja ni yóò bù lé oúnjẹ wọn. Kì í ṣe pé ó fẹ́ tàn yín jẹ. Lójú tirẹ̀, màlúù, ewúrẹ́ àti adìẹ ni ẹran. Ẹja ò sí lára ẹran, edé ò sí lára ẹja, kúbù inú ọbẹ̀, ohun tí ẹ̀yin ará Èkó ń pè ní mágí, ò tilẹ̀ sí lára nǹkan kan. Nítorí náà, ẹ ka gbogbo rẹ̀ fún un lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ wá fi ọ̀rọ̀ “èèwọ̀” dé e lórí:

“Ẹ kú ọjà o, Ìyá. Ẹran, ẹja, edé, alákàn, èèwọ̀ ni gbogbo rẹ̀ fún àwọn ọmọ wọ̀nyí. Ẹ jọ̀ọ́, ìkòkò wo ni kò sí ọ̀kankan nínú wọn?”

Ìyá tó gbọ́ “kì í jẹ” á rò pé ọmọ ń ṣe ṣàkó lásán ni, á ní kí ẹ jẹ́ kí òun fi omi ọbẹ̀ díẹ̀ sí i. Èyí tó gbọ́ “èèwọ̀” á dá ṣíbí dúró, torí kò sẹ́ni tí í bá ọmọ ọlọ́mọ jà lórí èèwọ̀. Bó jẹ́ ẹ̀sìn ló fà á, tàbí pé ara ọmọ kọ̀ ọ́, ọ̀rọ̀ náà ṣì bá a mu.

Ní Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́ (Savè), ìlú Yorùbá méjì ní Benin kan náà, Yorùbá yín á gbé yín débi gbogbo, bí ohùn wọn tilẹ̀ yàtọ̀ díẹ̀ sí ti Ọ̀yọ́. Ní Àjàṣẹ́, Yorùbá pọ̀, ṣùgbọ́n Gùn, àwọn tí à ń pè ní Ègùn, ni ọ̀pọ̀ olóúnjẹ. “Lan” ni wọ́n ń pe ẹran, “hwevi” ni wọ́n ń pe ẹja. Ní ilé oúnjẹ tó ní tábìlì àti ìwé oúnjẹ, Faransé ló kù: “sans viande, sans poisson, sans crevettes, sans cube”. Ẹ pè é báyìí: sán fiyáńdì, sán pwasọ́n, sán kirefẹ́ẹ̀tì, sán kúbù. Ẹ kọ ọ́ sórí páálí kékeré kan kí ẹ fún ẹni tó ń sè é gan-an, kì í ṣe ẹni tó ń gbé àwo kiri. Ohun tí wọ́n fi ẹnu rán láti tábìlì dé ilé ìdáná máa ń dín kù lójú ọ̀nà.

Òkèlè fúnra rẹ̀ kì í sábà dá wàhálà sílẹ̀. Àkàsà tí wọ́n fi ewé wé, àgbàdo kíkan àti omi ni. Ìyán, iṣu ni. Tẹlibọ, àmàlà náà ni, èlùbọ́ àti omi gbígbóná. Àbólò jẹ́ ìyẹ̀fun ìrẹsì tàbí àgbàdo tí wọ́n fi ìwúkàrà àti ṣúgà díẹ̀ sí, tí wọ́n wá fi ooru omi sè. Ó rọ̀, ó sì dùn díẹ̀, ọmọdé kì í kọ̀ ọ́. Ẹja díndín ló sábà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lórí àtẹ, ṣùgbọ́n wọn á ta àbólò nìkan fún yín. Abọ́bọ̀ ni ẹ̀wà tí wọ́n sè títí tó fi rọ̀ pátápátá, gàrí àti epo ni wọ́n ń fi jẹ ẹ́. Atasí ni ìrẹsì àti ẹ̀wà tí wọ́n sè nínú ìkòkò kan náà, òun la sì fẹ́ràn jù fún ọmọ tó wà lójú ọ̀nà, torí pé ohun tí ìrẹsì kò ní fún ara, ẹ̀wà ní i. Ata díndín tí wọ́n ń bù lé e lórí ni kí ẹ ṣọ́ra fún: edé lílọ̀ tàbí ẹja gbígbẹ máa ń wà nínú rẹ̀. Ẹ gba atasí lásán, kí ẹ ní kí wọ́n da epo díẹ̀ sí i.

Oúnjẹ méjì ló máa ń tan àlejò. Àkọ́kọ́ ni àmíwọ̀, òkèlè àgbàdo pupa yẹn. Ẹni tó bá rí i á rò pé tòmátì àti epo ló pọ́n ọn, bẹ́ẹ̀ omi adìẹ ni wọ́n fi ń rò ó. Ìkejì ni ọ̀lẹ̀lẹ̀, tó lè ní edé tàbí ẹja nínú. Ẹ bi olùtà kí ẹ tó tú ewé.

Inú ọbẹ̀ ni ọ̀ràn wà. Gbọ̀mà, ewédú, ilá, ẹ̀gúsí, kò sí èyí tí wọn kì í fi ẹja yíyan tàbí edé gbígbẹ sè, àti alákàn pàápàá, torí Àjàṣẹ́ kò jìnnà sí ọ̀sà. Ẹja yíyan náà kì í dé lẹ́yìn. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti ń jù ú sínú omi kí adùn rẹ̀ lè jáde, torí náà, bí ìyá bá fi ṣíbí ko ẹja sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, omi ẹja ló kù sínú àwo ọmọ. Ìbéèrè tó tọ̀nà kì í ṣe “ṣé ẹ lè yọ ẹran rẹ̀?” bí kò ṣe “ṣé ìkòkò kan náà ni ẹ fi sè é?”

Dípò kí ẹ máa wá ọbẹ̀ tí kò sí, ẹ ní kí wọ́n ṣe mọ́yọ̀ fún yín. Ẹja ni wọ́n sábà ń dà á lé, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ kò ní ẹja nínú: tòmátì, àlùbọ́sà, omi ọsàn wẹ́wẹ́, òróró àti iyọ̀. Wọ́n á gé e lójú yín, kò sì pé ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹ tètè sọ pé kí wọ́n má fi ata sí i, kí wọ́n má sì fi kúbù wọ́n ọn. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tó wà nínú kúbù, ẹ ka ara ìwé rẹ̀: “poulet” ni adìẹ, “bœuf” ni màlúù, “crevette” ni edé. Nítorí pé tútù ni mọ́yọ̀, ẹ fi omi inú ike tí ẹ rà fọ tòmátì náà fúnra yín. Ìyá olóúnjẹ á rẹ́rìn-ín, kò burú.

Ohun díndín ní ọgbọ́n tirẹ̀. Àkàrà, dùńdún, àlọ̀kọ̀ tí í ṣe dòdò, kò sí ẹran nínú wọn, àfi bí epo bá ti din ẹja rí. Ẹ wo etí agbada: bí èépá dúdú pẹlẹbẹ bá lẹ̀ mọ́ ọn tó ń dán bí èékánná, ìpẹ́ ẹja ni. Àwọn alákàrà òwúrọ̀ kì í sábà din nǹkan mìíràn mọ́ àkàrà. Àwọn tó ń din iṣu àti àlọ̀kọ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń ju ẹja sínú epo kan náà. Nítorí náà, ẹ ra ohun díndín láàárọ̀, kí ó sì jẹ́ agbada àkọ́kọ́.

Wàgàṣì ni yóò gbà yín jù. Wàràkàṣì tí àwọn obìnrin Fúlàní ń fi wàrà màlúù ṣe ni. Ẹni tó ń ṣọ́ ẹran gidigidi á fẹ́ mọ ohun tó ń mú kí ó dì: ọ̀pọ̀ wàràkàṣì òyìnbó, ohun tí wọ́n mú nínú ikùn ọmọ màlúù ló ń mú un dì. Wàgàṣì kò rí bẹ́ẹ̀. Oje ewé àti igi bọmubọmu ni wọ́n ń fi sí wàrà gbígbóná. Ẹ ó rí funfun, ẹ ó sì rí pupa. Pòròpórò ọkà bàbà ni wọ́n fi ń sè é kó lè pọ́n, ara rẹ̀ lásán ló sì mú àwọ̀, inú rẹ̀ funfun.

Bí ẹ bá fẹ́ rà á, ẹ fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́. Tuntun á tẹ̀, á sì dìde padà bíi tìmùtìmù. Èyí tó bá ń yọ̀ lọ́wọ́, tó ń fà bí omi ilá, ẹ fi í sílẹ̀ bó ti wù kí owó rẹ̀ dín tó. Kò sí ẹni tó mọ iye ọwọ́ àti eṣinṣin tó ti bà lé e lórí àtẹ, nítorí náà, ẹ má fún ọmọ jẹ bẹ́ẹ̀. Ẹ gé e ní ìwọ̀n ìka méjì, kí ẹ sè é nínú omi iyọ̀ fún ìṣẹ́jú 10. Kì í yọ́ lórí iná, ìyẹn ló fi ṣeé sè nínú ọbẹ̀, tó sì ṣeé dín. Bí ẹ bá fẹ́ dín in, ẹ kọ́kọ́ nu omi ara rẹ̀ gbẹ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ epo á ta sí yín lójú. Ègé mẹ́ta tàbí mẹ́rin pẹ̀lú àkàsà kan tó fún ọmọ ọdún márùn-ún. Èyí tó bá ṣẹ́kù, ẹ tún un sè nínú omi iyọ̀ ní alaalẹ́. Láìsí ẹ̀rọ amóhuntutù, ẹ má jẹ́ kó ju ọjọ́ méjì lọ lọ́wọ́ yín.

Ọmọ tí kì í mu wàrà ní wàràkàṣì sójà, tí wọ́n ń dín tí wọ́n ń fi igi gún. Ẹ bèèrè ohun tí wọ́n wọ́n sí i lára. Ata lílọ̀ tí wọ́n pò mọ́ kúbù ló sábà máa ń jẹ́.

Bí ibi tí ẹ wọ̀ sí bá ní iná ìdáná, ẹ se ọbẹ̀ ẹ̀pà fúnra yín. Fún ọmọ méjì àti àgbà kan: tòmátì mẹ́ta, àlùbọ́sà kan, ṣíbí ìjẹun mẹ́rin ẹ̀pà lílọ̀, ife omi méjì, iyọ̀, àti ègé wàgàṣì mẹ́wàá tí ẹ ti sè. Ẹ din àlùbọ́sà àti tòmátì nínú òróró díẹ̀ títí omi tòmátì fi gbẹ. Ẹ fi omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ po ẹ̀pà lílọ̀ nínú àwo ọ̀tọ̀ kí ó tó wọ ìkòkò, torí bó bá wọ̀ ọ́ ní gbígbẹ, á di kókó, kò sì ní tú mọ́. Ẹ dà á sí i, ẹ dín iná kù, kí ẹ máa ro ó. Ìdí ìkòkò ni ẹ̀pà ti ń jóná, òórùn rẹ̀ á sì gba gbogbo ọbẹ̀. Ní bí ìṣẹ́jú 15, ẹ ó rí òróró tó léfòó lójú ọbẹ̀. Ìgbà yẹn ni kí ẹ ko wàgàṣì sí i. Ẹ̀pà tó bá korò lẹ́nu tàbí tó ń rùn bí ilé tó pa dé, ẹ dà á nù. Èbu ti wọ̀ ọ́, sísè kò sì ní mú un kúrò.

Láàárọ̀, ọmọdé á mu aklúì, ògì tí wọ́n ṣe ní kóró-kóró, pẹ̀lú ṣúgà àti wàrà bí ẹ bá ń mu ún. Àwọn ọmọ tó ń jẹ ẹyin ní kafetéríà etí títì: búrẹ́dì gígùn, ẹyin díndín, píà, sìpàgẹ́tì. Ẹ dúró ti alásè, ẹ sọ pé kò gbọdọ̀ sí kúbù àti ẹran lílọ̀, kí ó sì nu páànù kó tó fọ́ ẹyin. Yovo doko, ohun díndín tó jọ pọfupọfu, kò nílò ìbéèrè púpọ̀: ìyẹ̀fun, ṣúgà àti ìwúkàrà ni. Epo rẹ̀ nìkan ni kí ẹ wò.

Láti Àjàṣẹ́ sí Kétu jẹ́ nǹkan bí 100 kìlómítà, Sàkẹ́tẹ́ àti Pọbẹ̀ ló wà láàárín. Ẹ má fi ọkàn sí i pé ẹ ó jẹun gidi lójú ọ̀nà yẹn. Ẹ gbé àkàsà mẹ́ta fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, wàgàṣì díndín, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ àti omi. Ẹ gbé abọ́ onídèérí dání pẹ̀lú, torí pé láti 2017 ni òfin ti wà ní Benin tó ka àpò ọ̀rá tí kì í jẹrà léèwọ̀, olùtà kan lè má ní ohun tó máa fi di ọbẹ̀ fún yín. Ẹ ṣẹ́ owó sẹ́fà sí wẹ́wẹ́, ẹyọ 25, 50 àti 100. Ẹni tó mú ìwé 10,000 lọ ra àkàsà láago méje àárọ̀, ebi ni yóò fi ṣẹ́ ẹ. Ẹ̀pà odidi kò yẹ fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún nínú ọkọ̀ tó ń gbò, ó lè há a lọ́fun.

Bí ọmọ bá ń ṣu omi, omi tó ń jáde lára ni kí ẹ kọ́kọ́ dá padà. Ẹ béèrè SRO ní ilé ìpoògùn, ìyẹn iyọ̀ àti ṣúgà tí wọ́n ń pò mọ́ omi, tí à ń pè ní ORS. Bí kò bá sí, lítà omi mímọ́ kan, ṣíbí tíì mẹ́fà ṣúgà àti ààbọ̀ ṣíbí tíì iyọ̀, ṣíbí pẹrẹsẹ, láìṣe òkìtì. Ẹ máa fún un ní ìmu kékeré kékeré. Bí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ìgbẹ́, tàbí tí ọmọ kò tọ̀ mọ́, ilé ìwòsàn ló kàn. Ọmọ tí kì í jẹ ẹyin tí kì í sì í mu wàrà, fítámì B12 rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà nínú báàgì láti ilé, torí kò sí nínú ewébẹ̀ àti ẹ̀wà.

Ṣábẹ̀ẹ́ ló rọrùn jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Iṣu pọ̀, Fúlàní sì wà nítòsí pẹ̀lú màlúù wọn, torí náà wàgàṣì ibẹ̀ sábà máa ń tuntun ju ti Àjàṣẹ́ lọ. Ẹ débẹ̀ lọ́sàn-án, nígbà tí odó ṣì ń dún, torí ìyán tó ti tutù kì í bá ọmọdé lára mu. Ìyán pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹ̀pà àti wàgàṣì ni kí ẹ béèrè, ṣùgbọ́n ẹ tún bi wọ́n bóyá omi ẹran ló wà nísàlẹ̀ ọbẹ̀ náà. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ ra ìyán àti wàgàṣì lọ́tọ̀, kí ẹ fi ọbẹ̀ inú abọ́ yín jẹ ẹ́.

Nígbà tí ẹ bá ń ra ọ̀pẹ̀ òyìnbó, ẹ má wá èyí tó pọ́n. Irú èyí tí wọ́n ń pè ní “pain de sucre” máa ń wà ní tútù yọ̀yọ̀ lóde nígbà tí inú rẹ̀ ti dùn. Ẹ gbóòórùn ìdí rẹ̀: bó bá ń ta sánsán, ó ti tó jẹ.