Bí Mo Ṣe Da Ilé Ẹ́ńjìnnì Knucklehead Tuntun

Ẹ̀gbọ́n kan tí a jọ ń gbé ní Chicago ra ẹ́ńjìnnì alùpùpù Harley-Davidson ọdún 1947 ní títú palẹ̀. Knucklehead ni, irú èyí tí ilé-iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní Milwaukee ní 1936, tí ọdún 1947 sì jẹ́ ìkẹyìn rẹ̀. Sílíńdà méjèèjì wà níbẹ̀, orí wọn wà, flywheel (àgbá irin wíwúwo tó ń yí nínú ẹ́ńjìnnì) wà, káàmù tó ń ṣí fáàfù àti pọ́ǹpù ọ́ìlì náà wà. Ẹ̀gbọ́n fẹ́ fi wọ́n to bobber, irú alùpùpù tí àwọn ọ̀dọ́ Amẹ́ríkà ń tò lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, tí wọ́n á bọ́ mọ́gáàdì iwájú dànù, tí wọ́n á gé ti ẹ̀yìn kúrú, kó lè fúyẹ́ kó sì lè sáré. Ohun kan ṣoṣo ni kò ṣeé lò mọ́: ilé ẹ́ńjìnnì, ìyẹn àpótí alumíníọ̀mù onípín méjì tí flywheel ń yí nínú rẹ̀, tí sílíńdà méjèèjì sì jókòó lé. Ọ̀pá písítìnì kan ti já rí, ó sì fọ́ ògiri rẹ̀ jáde. Wọ́n fi iná wẹ́dà jó o pọ̀. Etí iwájú tí a fi ń dè é mọ́ férémù kán. Wọ́n tún jó o. Nígbà tí ó fi dé ọwọ́ mi, ojú ibi tí apá méjèèjì ti ń pàdé ti wọ́ débi pé bébà ń gba àárín wọn kọjá.

“Àbúrò mi, ṣé o lè bá mi da òmíràn, kó jọ ti àtijọ́ pátápátá?”

“A lè dà á, ẹ̀gbọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ wọn inú rẹ̀.”

Iṣẹ́ lathe àti milling, ìyẹn fífi ẹ̀rọ gé irin, ni mo fi ń jẹun, mo sì mọ̀ pé jíjọ lójú kò tó. Ẹni tó bá kàn fẹ́ ẹ́ńjìnnì tó jọ Knucklehead lè rà á; S&S Cycle ti Wisconsin, fún àpẹẹrẹ, ń ta ẹ́ńjìnnì tuntun tí wọ́n ṣe ní ìrísí rẹ̀. Ti ẹ̀gbọ́n yàtọ̀, nítorí pé ẹ̀yà 1947 gan-an ló máa wọ inú ilé yìí. Bí ihò bẹ́ríǹgì apá òsì àti ti apá ọ̀tún kò bá sí lórí ìlà kan ṣoṣo, bí ìjókòó sílíńdà bá fì díẹ̀, awọ ìta tó dára kò ní gba ẹ́ńjìnnì náà sílẹ̀. Ìgbàgbọ́ mi nípa iṣẹ́ yìí kò ju ìyẹn lọ: inú ni a ti ń mọ ilé ẹ́ńjìnnì tó jẹ́ òtítọ́.

Mo fi scanner 3D gba ìrísí ilé àtijọ́ náà sínú kọ̀ǹpútà. Ó wúlò fún ìta: àwọn egungun tó gun ara rẹ̀, etí tí bóòtù ń gbà kọjá, bí igun kọ̀ọ̀kan ṣe rọra yí. Fún inú, n kò gbà á gbọ́ rárá. Ohunkóhun tí scanner bá rí ló máa yà, títí kan ibi tó ti jẹ àti ibi tí iná wẹ́dà ti fà wọ́. Mo pa àwọn ihò tó ṣe pàtàkì rẹ́ nínú àwòrán náà, mo sì tún wọn yà láti àárín kíránkì, ìyẹn ọ̀pá tí písítìnì ń yí, bọ̀ wá síta. Sílíńdà méjèèjì ya kúrò lára ara wọn ní 45°, ìyẹn 22.5° síwájú, 22.5° sẹ́yìn. Ojú ìlà kan náà ni wọ́n sì wà. Ọ̀kan kò yẹ̀ sí òsì tàbí ọ̀tún ju èkejì lọ, nítorí pé ẹsẹ̀ ọ̀pá písítìnì kan là sí méjì, ti èkejì wọ àárín rẹ̀, àwọn méjèèjì sì di píìnì kan ṣoṣo mú. Oríṣi EL ni ti ẹ̀gbọ́n: ihò sílíńdà rẹ̀ jẹ́ íńṣì 3 5/16, ìrìn písítìnì sì jẹ́ íńṣì 3 1/2, tí àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 990 cc. Láti ara àwọn ìwọ̀n yìí, àti láti ara flywheel àti jíà tó wà nílẹ̀, ni mo ti rí gbogbo ìyókù.

Alumíníọ̀mù a máa súnkì bó bá ń tutù. Ìdá 1.3 nínú ọgọ́rùn-ún ni mo fi kún àwòṣe, ìyẹn ẹ̀dà ilé náà tí a ó tẹ̀ mọ́ iyanrìn, kí ààyè tó bá fi sílẹ̀ lè di mọ́ọ̀dù tí a ó da alumíníọ̀mù sí. Ibi tó máa jẹ́ 300 mm nínú ilé tó ti tutù, àwòṣe rẹ̀ gbọ́dọ̀ tó nǹkan bí 304 mm. Gbogbo ojú tí ẹ̀rọ ń bọ̀ wá gé, mo fi 3 mm lé e. Ògiri tó yẹ kó dúró ṣánṣán, mo dá a tẹ̀ ní bíi 2° kí àwòṣe lè yọ kúrò láì fa iyanrìn ya. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé 3D ló tẹ àwọn àwòṣe náà jáde, mo fi sáńpépà ha wọ́n, mo sì kùn wọ́n títí wọ́n fi ń dán. Mo tún ṣe àpótí tí a ó fi mọ iyanrìn ti inú, èyí tí yóò di ààyè flywheel àti ààyè káàmù mú kí alumíníọ̀mù má baà kún ibẹ̀.

Àwọn asúdẹ Ifẹ̀ àtijọ́ a máa fi ìda mọ ohun tí wọ́n fẹ́ dà, wọ́n á fi amọ̀ bò ó, wọ́n á yọ́ ìda dànù kí idẹ lè rí àyè wọlé, wọ́n á sì fọ́ amọ̀ náà nígbẹ̀yìn. Mọ́ọ̀dù kan, iṣẹ́ kan. Ní ọ̀nà ti iyanrìn, mọ́ọ̀dù náà la máa ń fọ́, ṣùgbọ́n àwòṣe á kù sí wa lọ́wọ́. Ọ̀wọ̀ ńlá ni mo ní fún ẹni tó dá orí idẹ tẹ́ẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀ láì ní àǹfààní pé kó tún un dà.

A356 ni a yọ́, alumíníọ̀mù tó ní silicon bí ìdá 7 nínú ọgọ́rùn-ún pẹ̀lú magnesium díẹ̀. Ọ̀tá méjì ló ní nígbà tó bá wà nínú ìléru. Èkíní ni hydrogen, tó máa ń fà láti ara ọ̀rinrin. Bí ó bá ń dì, gáàsì náà á di ihò wẹ́wẹ́ káàkiri ara rẹ̀, ọ́ìlì á sì máa gba ibẹ̀ sun. A gbẹ gbogbo irinṣẹ́ lórí iná, a sì fẹ́ gáàsì argon gba inú alumíníọ̀mù yíyọ́ náà kọjá láti lé hydrogen jáde. Ọ̀tá kejì ni awọ fẹ́ẹ́rẹ́ tó máa ń bo ojú rẹ̀ lójú ẹsẹ̀ tí afẹ́fẹ́ bá kàn án. Bí alumíníọ̀mù bá ń ru, awọ náà á ká sínú rẹ̀, ibẹ̀ ni yóò sì ti là lọ́jọ́ iwájú. Bí ó bá ti ń sáré ju 0.5 m lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ewu ti dé; bẹ́ẹ̀ sì rèé, kó ṣubú láti òkè tí kò ju 13 mm lọ ti tó láti fún un ní eré yẹn. Nítorí náà a kò dà á láti òkè sínú ààyè ilé náà. A mú un gba ọ̀nà tóóró sọ̀kalẹ̀, a mú un gba inú àsẹ́ seramiki, kó tó wọ mọ́ọ̀dù láti ìsàlẹ̀, tó sì ń gòkè jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Ìjókòó bẹ́ríǹgì ló nípọn jù, òun ni ì bá sì dì kẹ́yìn, kí inú rẹ̀ sì là. A sin irin tútù sínú iyanrìn níbẹ̀ kó lè tètè fa ooru rẹ̀ kúrò.

Lẹ́yìn èyí, a sun ún ní 540°C fún ọ̀pọ̀ wákàtí, a rì í sínú omi gbígbóná, a sì tún fi í sínú ààrò tó wà ní 155°C. Èyí ló ń fún A356 lágbára. Ó máa ń wọ́ irin náà díẹ̀, ìdí nìyẹn tí n kò fi gé ojú kankan ṣáájú rẹ̀. Kí n tó gbé e sórí ẹ̀rọ, mo fi ẹfun kun ìta rẹ̀, mo da kẹrosíìnì sínú, mo sì fi í sílẹ̀ mọ́jú. Bí kẹrosíìnì bá rí ọ̀nà gbà, ẹfun á rẹ níbẹ̀. Gbẹrẹfu ni ẹfun náà wà.

Mo gé ojú ìpàdé apá méjèèjì títí wọ́n fi tẹ́ pẹrẹsẹ, mo lu ihò àwọn píìnì tí kì í jẹ́ kí wọ́n yẹ̀, mo sì fi bóòtù dè wọ́n pọ̀. Wọn kò tún kúrò lára ara wọn títí ihò bẹ́ríǹgì fi parí. Ọ̀pá ìgbẹ́hò kan ṣoṣo ló wọlé láti apá kan, tó sì la èkejì já, láì tún iṣẹ́ náà gbé. Ní Milwaukee nígbà náà, pa pọ̀ ni wọ́n ń gé apá méjèèjì. Wọ́n á sì tẹ nọ́ńbà kan náà sí abẹ́ ikùn apá méjèèjì láti fi hàn pé ìbejì ni wọ́n. Ẹni tó bá mú apá òsì ẹ́ńjìnnì kan, tó fi dè mọ́ apá ọ̀tún òmíràn, ń fi bẹ́ríǹgì àti kíránkì rẹ̀ ṣòfò.

Nínú òrùka irin tí a tẹ̀ mọ́ inú alumíníọ̀mù ni àwọn bẹ́ríǹgì yìí ti ń yí. Bí ooru bá mú méjèèjì, alumíníọ̀mù á fẹ̀ ní nǹkan bí ìlọ́po méjì irin. Nínú ihò tó fẹ̀ tó 50 mm, bí ooru bá fi 80°C lọ sókè, alumíníọ̀mù á fi bíi 0.04 mm fẹ̀ ju irin lọ. Bí òrùka náà kò bá há ju ìyẹn lọ nígbà tó tutù, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í yí nínú ìjókòó rẹ̀ lójú títì. Mo jẹ́ kó há ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Mo gbé ilé náà sínú ààrò, mo gbé òrùka sínú fìríìsà, wọ́n sì wọ ara wọn láì sí òòlù. Lẹ́yìn náà ni mo tún fi ọ̀pá kan họ inú òrùka méjèèjì pa pọ̀ kí ìlà wọn má ṣe yẹ̀. Ihò yìí kan náà ni mo fi gbé ilé náà ró nígbà tí mo ń gé ìjókòó sílíńdà, kí gbogbo rẹ̀ lè máa tọ́ka sí àárín kíránkì.

Ibi tí mo ti pẹ́ jù ni fáàfù èémí. Písítìnì méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ ń gòkè, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ ń sọ̀kalẹ̀, nítorí náà afẹ́fẹ́ tó tó bíi 900 cc ni wọ́n ń fún mọ́lẹ̀, tí wọ́n sì ń fà sókè, nígbàkigbà tí kíránkì bá yí ká. Jíà ló ń yí fáàfù náà. Bí písítìnì bá ń sọ̀kalẹ̀, fèrèsé rẹ̀ á ṣí, afẹ́fẹ́ á sì ti ọ́ìlì lọ sí yàrá káàmù. Bí wọ́n bá ń gòkè, yóò tì, kí ilé náà má baà fa ọ́ìlì padà. Bí fèrèsé yẹn bá ṣí ṣáájú àsìkò tàbí tó pẹ́ kó tó tì, ọ́ìlì á máa sun láti gbogbo gásíkẹ́ẹ̀tì, ọlọ́kọ̀ á sì máa pààrọ̀ gásíkẹ́ẹ̀tì lásán. Mo de àwo oníwọ̀n mọ́ kíránkì, mo ń fi ọwọ́ yí i, mo sì ń gé etí fèrèsé náà díẹ̀díẹ̀ títí ó fi bá ti àtijọ́ mu.

Nígbà tó kù ká tẹ nọ́ńbà, ẹ̀gbọ́n béèrè bóyá a lè tẹ ti àtijọ́ sí i.

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀gbọ́n, n kò ní tẹ ìyẹn.”

Ara apá òsì ilé ẹ́ńjìnnì ni nọ́ńbà Harley ìgbà náà wà. Wọn kì í tẹ̀ ẹ́ sí férémù títí di 1970. Nọ́ńbà yẹn ló ń sọ pé alùpùpù kan jẹ́ ti 1947. Bí mo bá tẹ̀ ẹ́ sára ohun tí mo dà lẹ́nu àìpẹ́ yìí, ẹnìkan lè fi owó iyebíye rà á lọ́jọ́ kan nítorí irọ́ ọwọ́ mi, ìwà ọ̀daràn sì ni lábẹ́ òfin Amẹ́ríkà. Àmì tèmi àti ọdún tí mo dà á ni mo tẹ̀ síbẹ̀. Mo fún ẹ̀gbọ́n ní ìwé iṣẹ́ náà, àwòrán bí a ṣe dà á, àti rìsíìtì alumíníọ̀mù, kí ìpínlẹ̀ lè forúkọ alùpùpù náà sílẹ̀ bí èyí tí a tò fúnra wa. Mo sì dá ilé àtijọ́ padà fún wọn, nọ́ńbà rẹ̀ mọ́ ọn lára.

Ẹ́ńjìnnì náà ti ń ṣiṣẹ́ báyìí. Lẹ́yìn tó gbóná tó sì tutù, mo tún gbogbo bóòtù wò, mo sì wo ọ́ìlì tó ń padà sí táńkì; kò sí lẹ́búlẹ́bú irin kankan nínú rẹ̀. Ẹni tó bá ní Knucklehead tí ilé rẹ̀ ti bàjẹ́, kó má fi àwòrán nìkan ránṣẹ́ sí ẹni tó máa bá a da tuntun. Kó gbé flywheel, bẹ́ríǹgì, káàmù àti jíà fáàfù èémí rẹ̀ dání, nítorí pé ara àwọn yẹn ni a gbọ́dọ̀ wọn ihò kọ̀ọ̀kan sí.