PSP àtijọ́ tí ò gba ṣájà mọ́
Ẹ̀yin èèyàn mi, kẹ́ ẹ tó gbé PSP, ẹ̀rọ géèmù àfọwọ́gbé yẹn, tí ò gba ṣájà lọ bá oníṣẹ́ ní àdúgbò Táíwò n'Ílọrin, ẹ yọ bátìrì ẹ̀ ná, kẹ́ ẹ ki ṣájà bọ̀ ọ́ kẹ́ ẹ tàn án bẹ́ẹ̀. Tó bá tàn, ihò ṣájà ò ṣe nǹkan kan, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ bátìrì ló kú, èyí tí àbúrò mi gbé wá láti Ọ̀fà nìyẹn tí wọ́n ti fẹ́ gbowó ńlá lọ́wọ́ ẹ̀. Bátìrì tó bá ti wú, ẹ má gún un o, ó lè gbiná! Tí ò bá tàn, ẹ yọ ṣájà, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì wonú ihò yẹn, eruku ọyẹ́ Ìlọrin máa ń dì síbẹ̀ gan-an, igi ìtayín gbígbẹ ni kẹ́ ẹ fi rọra họ ọ́. Ṣájà 5V nìkan o, 12V lè jó fíúsì inú ẹ̀.