Ọjọ́ Tí Mo Darí Ìdíje Ọkọ̀ Ìgbòkun ní Welsh Harp

Ẹgbẹ́ ọkọ̀ ìgbòkun tí ọmọ mi obìnrin wà kì í sanwó fún ẹnikẹ́ni kó wá darí ìdíje. Orí adágún Brent Reservoir ni wọ́n ti ń ṣeré, èyí tí àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù ń pè ní Welsh Harp. Ní 1835 ni wọ́n dí odò Brent kí wọ́n lè rí omi fún ojú omi àfọwọ́gbẹ́ tí ọkọ̀ ẹrù ń gbà láyé ìgbà náà. Àwa ọmọ ẹgbẹ́ àti òbí la máa ń pín iṣẹ́ láàárín ara wa: ọ̀gá ìdíje, ẹni tí yóò máa bá a kọ̀wé, àti àwọn tí yóò wà nínú ọkọ̀ ìdóòlà. Lọ́jọ́ Àìkú tí mò ń sọ yìí, èmi ni ipò ọ̀gá kàn.

Èmi fúnra mi kì í tukọ̀ ìgbòkun, ìyẹn ò sì dí mi lọ́wọ́. Ẹni tó bá ti lè wo aago, tó lè kọ nọ́ńbà sílẹ̀ láìṣì í kọ, tí kì í ṣe ojúsàájú, lè ṣe é. Mo ń sọ èyí nítorí àwa òbí Yorùbá tí a máa ń gbé ọmọ síbẹ̀, tí a ó sì jókòó sínú mọ́tò títí wọn yóò fi ṣe tán. Ẹ sọ̀ kalẹ̀, ẹ wá dúró tì wọ́n.

Afẹ́fẹ́ ni mo kọ́kọ́ wò, kí n tó fọwọ́ kan àsíá kankan. Igi pọ̀ létí adágún yẹn, afẹ́fẹ́ sì máa ń yí níbẹ̀, nítorí náà mo dúró pẹ́ kí n lè mọ ibi tó ti ń wá gan-an. Ọkọ̀ ìgbòkun kò lè dojú kọ afẹ́fẹ́ kó lọ tààrà. Ó ní láti máa yà sọ́tùn-ún, yà sósì, títí yóò fi dé ibi tó ń lọ. Ìdí nìyẹn tí a fi ń gbé àmì àkọ́kọ́, ohun tó léfòó tí àwọn ọkọ̀ yóò yí ká, sí ọ̀gangan ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń bọ̀, torí ibẹ̀ la ti ń mọ ẹni tó mọ̀ ọ́n tù. Ìlà ìbẹ̀rẹ̀ náà gbọ́dọ̀ dábùú afẹ́fẹ́. Bí ìpẹ̀kun kan bá fi sún mọ́ afẹ́fẹ́ ju ìkejì lọ, ibẹ̀ ni gbogbo wọn yóò rọ́ lọ, wọn yóò sì máa kọlu ara wọn. Mo ní kí ọkọ̀ ìdóòlà sún àmì ìpẹ̀kun ìlà náà, kó tún un sún, títí ọkàn mi fi balẹ̀.

Ẹni tó ń bá mi kọ̀wé jẹ́ ìyá kan tó ti lé ní àádọ́rin ọdún. Orúkọ ni gbogbo wọn ń pè é, ṣùgbọ́n ẹnu mi kò gbà á. "Mà" ni mò ń pè é. Ó ní, "Okùn àsíá ni kí o dì mú. Bí hóònù bá kọ̀, kò sí wàhálà." Òótọ́ ni: àsíá ni òfin ìdíje World Sailing, àjọ tó ń ṣàkóso eré ọkọ̀ ìgbòkun lágbàáyé, gbà pé ó ń sọ àkókò, kì í ṣe ìró. Ó ku ìṣẹ́jú márùn-ún, àsíá ẹ̀yà ọkọ̀ gòkè. Ó ku mẹ́rin, àsíá P gòkè, aláwọ̀ búlúù tó ní funfun láàárín. Ó ku ìṣẹ́jú kan, P wálẹ̀ pẹ̀lú hóònù gígùn. Nígbà tí àsíá àkọ́kọ́ wálẹ̀, ó yá.

Ní ìṣẹ́jú àáyá yẹn, orí ìlà nìkan ni ojú mi wà. Ọkọ̀ kan ti kọjá ṣáájú àkókò. Ọmọ mi ni. Mo ta àsíá X, funfun tó ní àgbélébùú búlúù, Mà fun hóònù lẹ́ẹ̀kan, mo sì ké nọ́ńbà ara ìgbòkun rẹ̀. Ó yí padà, ó tún ìbẹ̀rẹ̀ ṣe lẹ́yìn gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀.

Nígbà tó yá, ọkọ̀ ọmọdékùnrin kan dojú dé. Àwọn ará ọkọ̀ ìdóòlà wá orí ọmọ náà kí wọ́n tó wo ọkọ̀ rárá, wọ́n sì pa ẹ́ńjìnnì bí wọ́n ṣe dé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, torí abẹ̀bẹ̀ ẹ́ńjìnnì lè gé èèyàn. Kí ilẹ̀ tó ṣú, afẹ́fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Mo ta àsíá S, hóònù méjì, mo gé ìdíje kúrú kí àwọn tó wà lẹ́yìn má bàa há sórí omi.

Ìṣirò ló kù. Oríṣiríṣi ọkọ̀ ló ń bára wọn díje, nítorí náà ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tí à ń pè ní Portsmouth. Èyí tó lọ́ra ni nọ́ńbà rẹ̀ ń ga. A ó fi 1000 sọ ìṣẹ́jú àáyá tó lò di púpọ̀, a ó sì fi nọ́ńbà náà pín in. Ẹni tí èsì rẹ̀ bá kéré jù ló borí. Ká ní ọkọ̀ tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 1100 lo ìṣẹ́jú àáyá 3300, èsì rẹ̀ yóò jẹ́ 3000. Bí ọkọ̀ ọmọdé tó jẹ́ 1400 bá lo 4130, 2950 ni tirẹ̀, òun ló gbégbá orókè, bó tilẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá tó fi dé lẹ́yìn ẹnì kejì.

A ka ọkọ̀ tó padà sétí omi, a fi wé ìwé tí wọ́n fọwọ́ sí kí wọ́n tó wọ omi, kí a tó fa ọkọ̀ ìdóòlà gòkè. Mo wá kọ ọ́ sílẹ̀ fún ẹni tí iṣẹ́ kàn lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ pé okùn àsíá P ti ń tú, kó pààrọ̀ rẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀.