San Jose Mẹ́ta Nínú Ìlú Kan: Bí Mo Ṣe Wá Yàrá Kan Kiri Iloilo

Nígbà tí ó ku oṣù kan kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tuntun dé, àbúrò ọ̀rẹ́ mi kan tí ń bọ̀ láti Abẹ́òkúta wá kàwé ní Iloilo fi àdírẹ́sì yàrá kan ránṣẹ́ sí mi. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni ó ti rí yàrá náà, owó rẹ̀ kò wọ́n, àwòrán rẹ̀ sì mọ́ tónítóní. Ó kàn bẹ̀ mí pé kí n bá òun fojú rí i kí òun tó san àsansílẹ̀. Nọ́ńbà ilé wà níbẹ̀, orúkọ òpópónà wà níbẹ̀, lẹ́yìn náà ni wọ́n wá kọ "San Jose, Iloilo City". Mo ti lé ní ọdún méjì ní ìlú yìí, mo sì rò pé iṣẹ́ ìdajì ọjọ́ ni. Ọjọ́ mẹ́rin ni ó gbà mí, nígbà tí mo sì fi máa parí rẹ̀, mo ti ya gbogbo ẹkùn méjèèje ìlú náà sórí páálí kan.

Etí òkun ni Iloilo wà, ní erékùṣù Panay ní orílẹ̀-èdè Filipínì, ó sì kọjú sí erékùṣù Guimaras tí ènìyàn ń rí kedere láti èbúté nígbà tí ojú ọjọ́ bá mọ́. Ìkànìyàn ọdún 2020 ka ènìyàn 457,626 síbẹ̀. Ẹkùn méje ni ìlú náà pín sí, àwọn ẹkùn náà sì pín sí barangay 180. Barangay ni ìpín ìjọba tí ó kéré jù lọ ní ilẹ̀ Filipínì, wọ́n sì máa ń sọ pé ara balangay, ọkọ̀ ojú omi onígi ti ayé àtijọ́, ni orúkọ náà ti jáde. Barangay kọ̀ọ̀kan ní olórí tí àwọn aráàdúgbò dìbò yàn, tí wọ́n ń pè ní kápítánì, ó ní ìgbìmọ̀ ẹni méje, ó ní ọ́fíìsì, pápá bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ kì í sì í sábà jìnnà sí ọ́fíìsì náà. Ẹni tí ó bá fẹ́ ìwé ẹ̀rí pé òun ń gbé àdúgbò kan, ọ̀dọ̀ wọn ni yóò lọ. Ẹni tí aládùúgbò rẹ̀ kò bá jẹ́ kí ó sùn, ọ̀dọ̀ wọn kan náà ni yóò kọ́kọ́ gbé ẹjọ́ lọ. Ìdí nìyí tí mo fi pinnu pé ọ́fíìsì barangay ni n óò ti máa béèrè ọ̀nà, dípò kí n máa dá ẹnikẹ́ni dúró lójú títì.

City Proper, tí í ṣe àárín ìlú, ni mo kọ́kọ́ lọ. Ṣọ́ọ̀ṣì San Jose wà níbẹ̀, ó kọjú sí Plaza Libertad, gbàgede gbangba kan láàárín ìlú, ó sì dá mi lójú pé àdúgbò tí ó bá ń jẹ́ San Jose kò lè jìnnà sí ṣọ́ọ̀ṣì San Jose. Plaza yẹn fúnra rẹ̀ kì í ṣe ilẹ̀ lásán, nítorí ibẹ̀ ni àwọn ọmọ Filipínì ti ta àsíá wọn sókè ní ọjọ́ 25 oṣù Kejìlá ọdún 1898, nígbà tí àwọn ará Sípéènì fi ìlú náà sílẹ̀. Barangay márùndínláàádọ́ta ni ó há mọ́ inú City Proper, àwọn mìíràn sì kéré débi pé bí o bá rékọjá títì kan, o ti bọ́ sábẹ́ kápítánì mìíràn. Mo rìn gba Calle Real, níbi tí òkè àwọn ilé ìtajà àtijọ́ ti yọ bo ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ tí òjò kò fi lè pa oníbàárà, mo sì já sí Muelle Loney, èbúté etí odò. Lẹ́yìn tí wọ́n ṣí Iloilo sílẹ̀ fún òwò òkèèrè ní 1855, ará Ìlú Ọba kan, Nicholas Loney, dé ní 1856 gẹ́gẹ́ bí igbákejì aṣojú ìjọba rẹ̀. Òun ni ó ń ti òwò ṣúgà síwájú, òun kan náà ni ó sì ń kó aṣọ òwú olówó pọ́ọ́kú wọlé láti Ìlú Ọba, èyí tí ó pa iṣẹ́ aṣọ híhun tí a fi mọ Iloilo tẹ́lẹ̀. Èmi tí mo dàgbà ní ìlú aláró kò lè kọjá níbẹ̀ kí n má dúró díẹ̀.

Ní ọ́fíìsì barangay, obìnrin kan tí ó ti dàgbà gba fóònù mi, ó ka àdírẹ́sì náà lẹ́ẹ̀mejì, ó sì bi mí pé, "Toto, diin nga San Jose?" Toto ni wọ́n ń pe ọmọkùnrin tí ó kéré síni, ìbéèrè náà sì ni pé San Jose wo ni. Ó ka wọ́n fún mi lórí ìka: ọ̀kan wà ní City Proper níbi tí a dúró sí yìí, ọ̀kan wà ní Arevalo, ọ̀kan sì wà ní Jaro. Ó ṣí ìwé ńlá kan, ó fi ìka tọ orúkọ àwọn òpópónà rẹ̀ láti òkè dé ilẹ̀, kò sì rí tèmi. Ó tún ní kí n má dààmú, pé kò sí ẹni tí kì í ṣi San Pedro gbé pẹ̀lú, nítorí ọ̀kan wà ní Molo, ọ̀kan sì wà ní Jaro.

Ibẹ̀ ni ojú mi ti là sí ohun tí mo ti ń rí láti ọdún méjì láìmọ ìtumọ̀ rẹ̀. Àwọn ẹkùn wọ̀nyí kì í ṣe ìpín tí òṣìṣẹ́ ìjọba kan fi rúlà fà sórí ìwé. Ìlú tí ó dá dúró ni púpọ̀ nínú wọn nígbà kan, olúkúlùkù pẹ̀lú plaza, ṣọ́ọ̀ṣì àti ọjà tirẹ̀, àti ẹni mímọ́ tí ó ń ṣe ọdún fún. Nígbà tí wọ́n fún Iloilo ní ìwé àṣẹ ìlú ńlá ní 1937, Molo, Mandurriao, La Paz àti Arevalo wà nínú rẹ̀. Jaro ni ó wọlé kẹ́yìn, ní 1941. Ìlú kọ̀ọ̀kan ti sọ àdúgbò rẹ̀ ní San Jose tàbí San Pedro kí wọ́n tó di ọ̀kan, kò sì sí èyí tí ó gbà láti yí tirẹ̀ padà. Ẹni tí ó bá mọ Abẹ́òkúta kò ní bá mi jiyàn, nítorí Aké, Òkè-Ọnà, Gbágùrá àti Òwu ṣì ní ọba tiwọn títí di òní, bẹ́ẹ̀ ìlú kan ṣoṣo ni àlejò ń rí.

Ní ọjọ́ kejì, mo wọ jíípù gígùn tí wọ́n ń pè ní jeepney lọ sí Arevalo. "Villa" ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pe ibẹ̀, nítorí La Villa Rica de Arevalo ni Gonzalo Ronquillo de Peñalosa, gómìnà àwọn ará Sípéènì, sọ ọ́ nígbà tí ó tẹ̀ ẹ́ dó ní 1581, ó sì fi ìlú tí wọ́n ti bí i lọ́hùn-ún sọ ọ́. Nínú jeepney, ẹni tí ó bá jókòó lẹ́yìn yóò na owó rẹ̀ sí ẹni tí ó wà níwájú rẹ̀, owó náà yóò sì máa ti ọwọ́ dé ọwọ́ títí yóò fi dé ọ̀dọ̀ awakọ̀. Ọ̀nà kan náà ni ṣéńjì ń gbà padà, n kò sì tíì rí ọjọ́ tí kọ́bọ̀ tèmi sọnù. Bí o bá fẹ́ bọ́ sílẹ̀, "lugar lang" ni wàá sọ. Hiligaynon tí wọ́n ń sọ níbẹ̀ ń gbé ohùn sókè sódò bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún, àní nígbà tí awakọ̀ méjì bá ń bú ara wọn.

Molo wà lójú ọ̀nà, mo sì sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀ láti jẹun. Àwọn ará Ṣáínà oníṣòwò ni wọ́n pọ̀ ní Molo láyé àtijọ́, ọwọ́ wọn sì ni oúnjẹ tí ń jẹ́ pancit Molo ti wá. Gbogbo ibòmíràn ní Filipínì ni pancit ti jẹ́ núdù, ṣùgbọ́n ti Molo kò ní núdù kankan: ẹran lílọ̀ tí wọ́n fi ìyẹ̀fun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ dì ni wọ́n ń sè nínú omi ọbẹ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì Santa Ana tí ó wà létí plaza ní ṣóńṣó méjì gíga, gbogbo ère tí ó tò lọ lára òpó rẹ̀ sì jẹ́ ti àwọn ẹni mímọ́ obìnrin, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní ṣọ́ọ̀ṣì àwọn obìnrin. Ní Arevalo, wọ́n gbà mí tọwọ́tẹsẹ̀ ní ọ́fíìsì San Jose tiwọn, wọ́n fún mi ní omi tútù, wọ́n sì sọ fún mi pé òpópónà tí mo ń wá kò sí lọ́dọ̀ wọn. Mo rìn lọ sí etíkun, níbi tí iyanrìn ti dúdú díẹ̀ tí àwọn ilé oúnjẹ ti ń yan ẹja, mo sì kọ ohun tí mo rí sínú ìwé kí ọ̀nà náà má baà já sí asán.

Jaro ni ó kù. Barangay méjìlélógójì ni ó ní, ó sì gbòòrò débi pé apá kan rẹ̀ dà bí ìgboro, apá kan sì jẹ́ oko ìrẹsì. Ilé agogo kàtídírà Jaro kò sí lára ṣọ́ọ̀ṣì náà bí a ti mọ̀ ọ́n níbòmíràn. Inú plaza ni ó dá dúró sí, títì ni ó sì wà láàárín òun àti ṣọ́ọ̀ṣì. Ilẹ̀ tí ó mì tìtì ní oṣù Kìíní ọdún 1948 ba ilé agogo náà jẹ́ gan-an. Níwájú kàtídírà, àtẹ̀gùn wà tí àwọn olùjọ́sìn ń gùn lọ bá ère òkúta Candelaria, ìyẹn Màríà ìyá Jésù, tí wọ́n ń ṣe ọdún rẹ̀ ní ọjọ́ 2 oṣù Kejì. Àwọn ìdílé tí ṣúgà sọ di olówó kọ́ àwọn ilé ràgàjì sí àyíká yìí, púpọ̀ nínú wọn sì ṣì dúró lẹ́yìn ọgbà wọn.

Ní San Jose ti Jaro, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń ṣọ́ àdúgbò gbé mi sórí kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, irú èyí tí a ń pè ní Márúwá nílé, ó sì sọ̀ mí kalẹ̀ síwájú ilé náà gan-an. Yàrá náà mọ́ bí àwòrán rẹ̀ ti sọ, ìsàlẹ̀ ilé ni ó sì wà. Mo ti fẹ́ máa lọ nígbà tí ìyá àgbàlagbà kan ní ilé kejì, tí mo kí ní "Nang" bí wọ́n ti ń kí àgbà obìnrin, béèrè bóyá èmi ni mo fẹ́ gba yàrá. Ó mú mi lọ sí ẹ̀gbẹ́ ògiri rẹ̀, ó sì fi ọwọ́ lé ìlà pupa rúsúrúsú kan tí ó ga tó àyà mi. Omi ìjì Frank ni, ní oṣù Kẹfà ọdún 2008, nígbà tí odò kún bo Jaro mọ́lẹ̀. Ó ní wọ́n ti wa ojú ọ̀nà omi ńlá látìgbà náà, kò sì tíì ga tó bẹ́ẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n òun kì í gbé mátírẹ́ẹ̀sì òun sí ìsàlẹ̀. Onílé kò sọ èyí fún wa, n kò sì dá a lẹ́bi púpọ̀, nítorí a kò bi í.

Mo fi ọjọ́ kẹrin parí ìyókù nítorí máàpù tí mo ti bẹ̀rẹ̀. Mandurriao ni pápákọ̀ òfurufú ìlú wà títí di 2007, ilẹ̀ pẹrẹsẹ náà sì ti di ilé ìtajà, òtẹ́ẹ̀lì àti ọ́fíìsì gogoro báyìí. Mo kọjá níbẹ̀ kíá, nítorí kò sí yàrá tí àpò akẹ́kọ̀ọ́ ká. La Paz ni mo ti pẹ́. Nínú ọjà rẹ̀, níbi tí batchoy ti bẹ̀rẹ̀, alásè kan ń fi omi ọbẹ̀ gbígbóná ṣan núdù inú abọ́, ó ń dà á padà sínú ìkòkò, ó tún ń bu òmíràn lé e, nígbà tí ó ṣe èyí lẹ́ẹ̀mẹta ni ó tó fi ẹ̀dọ̀, ẹran àti awọ ẹlẹ́dẹ̀ díndín sí i lórí. Lapuz, tí ó jẹ́ apá kan La Paz tẹ́lẹ̀, wà ní òdìkejì odò sí City Proper. Èbúté ọkọ̀ ẹrù ní Loboc àti àwọn ilé ìkẹ́rùsí ni ó gba etí omi rẹ̀.

Nígbà tí mo jókòó láti ya máàpù náà, mo kọ́kọ́ fa títì, gbogbo rẹ̀ sì wọ́. Mo pa á rẹ́, mo fa odò ṣáájú. Odò Iloilo, tí omi òkun ń gòkè wọ̀, ni ó ya City Proper àti Molo ní apá etíkun kúrò lára La Paz, Lapuz àti Mandurriao. Bí odò bá ti wà níbi tí ó yẹ, afárá kọ̀ọ̀kan ń bọ́ sí àyè rẹ̀ fúnra rẹ̀, Forbes láàárín City Proper àti La Paz, Carpenter láàárín Molo àti Mandurriao. Àní barangay kan wà ní Jaro tí ń jẹ́ Tabuc Suba, ìtumọ̀ rẹ̀ kò sì ju òdìkejì odò lọ. Plaza ni mo fi ṣe àmì àárín ẹkùn kọ̀ọ̀kan, mo sì kọ orúkọ ẹkùn sí ẹ̀gbẹ́ gbogbo San Jose àti San Pedro tí mo mọ̀.

Mo ya fọ́tò páálí náà, mo fi ránṣẹ́ pẹ̀lú fọ́tò ìlà ara ògiri. Ọmọbìnrin náà fi yàrá Jaro sílẹ̀, ó ní òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì nítòsí ọjà La Paz ni òun fẹ́, mo sì bá a rí ọ̀kan láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ní òru tí ó dé, ó pè mí láti inú takisí, ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n díẹ̀: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ṣé La Paz ni mo sọ fún awakọ̀ yìí àbí Lapuz? Mo ń rí ọkọ̀ ojú omi o." Mo ní kí ó fi fóònù fún awakọ̀. Nígbà tí mo padà sílé, mo mú báírò pupa, mo sì fa ìlà méjì sí abẹ́ Lapuz.